Oòrùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Òkè Ilé

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti rẹ àlìkámà sómi ni Pandurang Khamkar rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ̀. Ó gbé garawa àlìkámà lílọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì di irin àtẹ̀gùn mú. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, garawa náà sì wúwo. Ó gbé e kalẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kì í kàwé kíákíá. Ìwé mẹ́rin ló kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa ń kí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó kọjá.

Ìwé náà ní láti òní lọ, ilẹ̀kùn òkè ilé yóò máa wà ní títì. Áàpù ẹgbẹ́ onílé nìkan ni wọn yóò fi máa ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo òkè ilé yóò béèrè lórí áàpù ní ọjọ́ méje ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. Kò sí aṣọ sísá, kò sí ata sísá, kò sí oúnjẹ sísá láìgbàṣẹ. Shirish Walimbe, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló buwọ́ lù ú.

Ó fi garawa sílẹ̀ níbẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Ilé alájà mẹ́rin ni Chaitanya, ẹbí mẹ́rìnlélógún ló ń gbé inú rẹ̀, òkè rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìlú Sangli, ìwọ̀ irin lásán ni wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn òkè náà. Àpótí dúdú kékeré kan ti wà lára rẹ̀ báyìí, ó ní nọ́ńbà lójú, iná pupa kan sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Pandurang fa ilẹ̀kùn. Irin ni. Kò mì.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀, ó wọlé.

Indu ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná. Ó ti ta aṣọ funfun bo ẹnu ìkòkò ńlá, ó ń dúró.

"Ẹ pẹ́, Bàbá Uday."

"Wọ́n ti ti òkè ilé."

"Ta ló tì í?"

"Áàpù."

"Áàpù kì í gun àtẹ̀gùn. Mo ní ta ló tì í?"

"Shirish."

Indu gba garawa, ó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ́ àlìkámà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè sọ pé kó di ìgbà mìíràn. Ketaki, ọmọ Uday, ọmọ ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá àgbà ló sì ń ṣe kurdai sílẹ̀ de ìyàwó. Bí ẹni ń ṣe ògì ni: wọ́n á rẹ àlìkámà, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tòrò di ọjọ́ kejì. Ní ìdájí wọ́n á rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ onídẹ tẹ̀ ẹ́ jáde wẹ́wẹ́ bí òwú, wọ́n á ká a róbótó róbótó sórí aṣọ, oòrùn á gbẹ ẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n tó máa ń dín in. Oòrùn ọjọ́ kan péré ló ń fẹ́, àmọ́ odindi ọjọ́ ni. Bí kò bá rí i lọ́jọ́ tí wọ́n rò ó, ó kan nìyẹn, ó di ti màlúù.

Àlùmánákì ló sì mú ọjọ́ Ajé. Uday pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ti lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, àwọn àna náà ti gbọ́. Kurdai ìyàwó tó bá kan, ẹnu èèyàn kì í kúrò lára rẹ̀. Bí ọmọ náà bá bá ọkọ jà lọ́dún kẹwàá, ẹnìkan á rántí kurdai.

"Bàkónì ńkọ́?" ni Pandurang wí, bó tilẹ̀ mọ ìdáhùn.

"Bàkónì tí oòrùn ń fi sílẹ̀ laago mẹ́jọ? Àti pé ṣé ẹ ti gbàgbé òfin ti èṣí? Ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ hàn ní bàkónì láti títì. Wọ́n ní ó ń ba ẹwà ilé jẹ́."

"Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Mọ́tò mélòó lẹ fẹ́ kí n gbé kúrò?"

Pandurang wọ bàtà rẹ̀. Shirish kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láàárín aago kan sí mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú. Ó jáde lọ bá Mulani.

Dastagir Mulani ni aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀, inú ọgbà lábẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n máa ń jókòó sí. Nígbà tó yá, áàpù dé géètì. Ọlọ́dẹ á ya àlejò ní fọ́tò, fọ́tò á lọ sórí fóònù onílé, onílé á tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí àlejò tó wọlé. Fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ni Pandurang ń lò. Kò ní "bẹ́ẹ̀ ni" nínú. Láti ọjọ́ náà, etí gọ́tà níta géètì ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí. Bí ọlọ́dẹ bá ti rí Mulani, ojú á tì í, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mulani, wọ́n ti ti oòrùn pa."

"Èló ni wọ́n ń tà á?"

Pandurang rò fún un. Mulani ń gbọ́, ó ń yọ òwú kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Shirish yẹn," ló wí, "èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń sunkún pé ọrùn ń fún òun. Ṣé o rí i, kò gbàgbé. Ó ń fún ọrùn gbogbo wa báyìí."

"Mi ò bá ọ ṣeré."

"Ta ló ń ṣeré? Èmi fúnra mi, iṣẹ́ wo ló kù lọ́wọ́ mi? Wọ́n ń ra ẹ̀wù nínú fóònù. Ẹ̀wù á dé, apá rẹ̀ á gùn dé orúnkún, wọ́n á gbé e wá pé kí n gé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, apá ẹ̀wù ni mò ń gé kiri. Wọ́n ní ìlọsíwájú nìyẹn."

Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ń kọjá, wọ́n so gbohùngbohùn méjì mọ́ orí rẹ̀, wọ́n ń polongo ìbò. Ohùn inú rẹ̀ ń ṣèlérí omi, ọ̀nà, àti iyì fún àgbàlagbà. Ó kọjá lọ.

"Ìwọ ta ni wàá dìbò fún?" ni Pandurang bi í.

"Ẹgbẹ́ tí mo dìbò fún nígbà tó kọjá ti là sí méjì. Apá kan wà nínú ìjọba. Apá kejì ń bú ìjọba. Mi ò tíì mọ apá tí mo dìbò fún. Bí mo bá mọ̀, mi ò ní dìbò fún un mọ́."

"Ti ìjọba ṣì dáa. Ìjọba ò bi mí ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sá nǹkan."

"Nítorí pé kò ì tíì gbọ́ ni. Má sọ̀rọ̀ sókè."

Ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn géètì. Pandurang kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo oòrùn. Oòrùn oṣù kẹrin ni, ó ń jó ọ̀dà ojú títì títí ó fi rọ̀. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹnìkan sì jókòó lábẹ́ fáànù, ó ń pín in.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì ló kan ilẹ̀kùn Shirish ní àjà kẹrin. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Shirish, ilé ló ti ń bá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà lọ́jọ́ ọdún. Ó fi Pandurang jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá.

"Bàbá, ẹ kàn fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí áàpù."

"Mi ò ní áàpù."

"Ẹ jẹ́ kí Uday bá yín ṣe é láti Pune níbi tó wà."

"Ọ̀la ni. Àlùmánákì ti mú un. Àlìkámà wà nílẹ̀. Ìwọ ṣáà ṣí i, Shirish. Ìka rẹ ló máa tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òkúta lo máa gbé."

"Bí mo bá ṣí i fún yín, Bàbá, mo máa ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan gòkè lọ, wọ́n fi èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó dí ojú omi. Tí òjò bá dé ńkọ́?"

"Kurdai ní èèpo ni?"

"Òfin ni, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Gbogbo wa la ṣe é." Ó dìde, ó gbé ìwé ńlá aláwọ̀ ewé kan wá, ó ṣí i. "Ìpàdé ọdọọdún, oṣù kìíní. Ìpinnu kẹfà: òkè ilé. Ẹ wò ó. Ẹbí mẹ́rìnlélógún, ìbuwọ́lùwé mẹ́rìnlélógún. Tiyín nìyí."

Pandurang wọ awò ojú rẹ̀. Òótọ́ ni. P rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, bó ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń gba owó oṣù ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ìjọba.

Ó rántí ọjọ́ náà. Abẹ́ ìbòrí kan nínú ọgbà ni ìpàdé ti wáyé. Alága ń sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó máa ṣe olórí ìlú, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Níkẹyìn wọ́n gbé ìwé aláwọ̀ ewé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí oúnjẹ. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé á gba páálí kan: àkàrà pòtétò méjì, ata gbígbẹ díẹ̀, pẹ̀lú ègé súwíìtì kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ogún ọdún. Gbogbo èèyàn ló gbà pé àkàrà ni wọ́n ń buwọ́ lù.

"Àkàrà ni mo buwọ́ lù, Shirish."

"Orí ìwé kan náà ni, Bàbá."

"Lókè ojú ìwé ńkọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"'Àwọn tó wá sípàdé.' Ẹni tó wá tí kò takò, ó ti gbà nìyẹn. Bí òfin ẹgbẹ́ ṣe wí nìyẹn."

"Ìjọba máa ń fi tàdáwà sí mi níka lẹ́yìn tí mo bá dìbò tán. Ìwọ gba tàdáwà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ pé mo dìbò."

Shirish rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún àgbà. Omi dé. Pandurang kò mu ún. Bó ṣe ń jáde, ó rí Ìyá Walimbe, ìyá Shirish, nínú yàrá kejì. Opó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni. Ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ohùn, kò wò ó. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

Pandurang pe Uday láti orí àtẹ̀gùn níwájú ilé tirẹ̀. Uday ní kò sí wàhálà, ìṣẹ́jú méjì péré ni. "Bàbá, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín. Ẹ kà á fún mi kíákíá, ó máa ń kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá."

Nọ́ńbà wọlé. Pandurang gbé fóònù kúrò létí kó lè rí i. Kò gbọ́ Uday mọ́. Ó dá a padà sétí kó lè pè é. Kò rí nọ́ńbà mọ́. Ó kú. Uday tún rán òmíràn. Ìyẹn náà kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti pe mẹ́ta nínú mẹ́fà nígbà tí obìnrin kan gba inú fóònù wọlé, ó ń sọ fún un pé kó ra owó ìpè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Indu jáde wá, ó wo ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé wọn. Pandurang kà á láti ara ilẹ̀kùn.

"Ó wọlé, Bàbá!" ni Uday kígbe. "Ẹ dúró... Ó ti gbà. Ó ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà àárọ̀."

"Ọ̀la?"

"Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá. Ọjọ́ méje."

"Áàpù rẹ kò wúlò."

"Kì í ṣe tèmi, Bàbá. Ẹ wò ó, ṣé kò sí ibì kan tí wọ́n ti ń ta kurdai? Ilé ìtajà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Pune..."

Indu na ọwọ́, ó gba fóònù. "Uday," ló wí, "ṣé ilé ìtajà lo fẹ́ kó bá ọ mú ọmọ lọ sílé ọkọ ni?" Ó pa fóònù.

Wọ́n jókòó. Ògì àlìkámà wà nínú ìkòkò, ó ti ń tòrò, omi rẹ̀ ti ń mọ́ lókè. Indu ta aṣọ bò ó.

"Bàbá Uday, àlìkámà ò mọ ọjọ́ méje."

Ìwé tó wà lára ògiri ni Pandurang ń kà lọ́kàn rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ó kà á dópin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún bọ́ọ̀sì ṣe. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó há, kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

Indu wo àpótí náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Aago mélòó ni kí n sọ fún àwọn obìnrin tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́?"

"Mẹ́fà."

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ló gòkè. Ojú ọ̀run ti ń funfun. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára kọ́kọ́rọ́. Pandurang kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló lọ, níbi tí hínjì mẹ́ta ti so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, nítorí náà inú ni orí hínjì wà. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ńlá sí ilẹ̀kùn kò wo ibẹ̀.

Ó da epo sí i. Ó fi àkísà wé orí òòlù kó má bàa dún. Ó gbé sukurudiráfà sábẹ́ orí pínnì àkọ́kọ́, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ. Ìkejì yọ. Ìkẹta ti dógùn-ún. Ó tún da epo sí i, ó dúró, ó ka ọgọ́rùn-ún, ó lù ú. Àkísà bọ́. Ó lù ú lọ́nà kejì láìsí àkísà, ilé gbọ́, pínnì yọ. Ó ki irin gígùn sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé apá hínjì wọnú díẹ̀díẹ̀, ahọ́n kọ́kọ́rọ́ sì yọ́ jáde nínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn ti ògiri. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà á. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ wọlé sí i lójú.

Ilẹ̀kùn Walimbe ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ló jáde, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Pandurang, ìwọ lò ń fọ́ ilé wa?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Kurdai Ketaki."

Ìyá wo ojú ọ̀run lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó padà wọlé. Pandurang rò pé ọmọ rẹ̀ ló lọ jí. Nígbà tó tún jáde, àpótí ìjókòó kékeré ló gbé lábẹ́ apá, ẹ̀rọ ìtẹ̀ onídẹ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdẹ náà ti ṣú.

"Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti lò ó kẹ́yìn," ló wí. "Wọ́n ní wọ́n ń ta kurdai nílé ìtajà báyìí."

Indu àti àwọn obìnrin mẹ́rin gbé ìkòkò dé, ó ń rú èéfín. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun. Bí àṣà ṣe wí, obìnrin márùn-ún tí ọkọ wọn wà láàyè ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ kurdai ìyàwó. Ìyá Walimbe jókòó lọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ rẹ̀ lórí itan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó jókòó síbẹ̀. Àwọn márùn-ún tẹ ti wọn tán. Indu nu ọwọ́, ó wá bá a.

"Ìyá, tiwa ń já. Ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn wá."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lágbára nínú ọrùn ọwọ́ mọ́," ni Ìyá wí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Indu. Ìyá dìde.

Aago méje ni Shirish jáde. Fóònù ló ń wò, kò tíì wo iwájú.

"Ta ló wà lókè? Áàpù ní ilẹ̀kùn wà ní títì."

"Òótọ́ ló sọ," ni Pandurang wí. "Wò ó. Ó wà ní títì."

Shirish gbé ojú sókè. Ó rí ilẹ̀kùn lára ògiri, kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ síta, iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó rí ojú ọ̀run. Ó tún wo fóònù.

"Bàbá! Ẹ fọ́ ọ!"

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Pínnì mẹ́ta nìyí nínú àpò mi, màá dá wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ka ìwé rẹ. Kọ́kọ́rọ́ lo dárúkọ. O ò dárúkọ hínjì."

"Èyí ò dáa, Bàbá. Àwọn ìgbìmọ̀ máa..." Ìgbà yẹn ló rí ìyá rẹ̀. "Màmá? Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Oòrùn máa pa yín!"

"Ó pẹ́ tí mo ti ń wá a kó pa mí," ni Ìyá wí. "Jókòó. O ò tíì jẹun."

Ó bu kókó àlìkámà gbígbóná sínú abọ́, ó da mílíìkì àti ṣúgà sí i, ó nà án sí i. Shirish dúró. Lọ́mọdé, abọ́ yìí ló máa ń jí dìde fún. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó jẹ ẹ́. Ó lá ṣíbí. Ó ní kí wọ́n tún bu díẹ̀ sí i, wọ́n bù ú. Pandurang rò lọ́kàn rẹ̀ pé ó parí nìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọlọ́dẹ gbé ìwé kan gòkè wá bá a. Ìgbìmọ̀ pe Ọ̀gbẹ́ni P. Khamkar sí ìpàdé pàjáwìrì lọ́jọ́ Àìkú, kó wá sọ ìdí tó fi ba ohun ìní ẹgbẹ́ jẹ́. Shirish ló buwọ́ lù ú. Àmì ìka tó ní kókó wà létí ìwé náà.

"Ó jẹ ẹ́ tán ló lọ kọ ọ́," ni Pandurang wí.

"Ẹ jókòó síbi òjìji, Bàbá Uday," ni Indu wí. "Ẹ bá mi lé ẹyẹ."

Ó lé ẹyẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Laago mẹ́ta wọ́n yí kurdai padà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Indu mú ẹyọ kan, ó ṣẹ́ ẹ létí. Ó dún. Igba ó lé méjìlá ni wọ́n, mọ́kànlá fọ́, igba ó lé kan wọ inú páànù. Pandurang gbé ilẹ̀kùn padà, ó ki pínnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ ọ́, ó nu ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú wẹ́dà wá, ó jó hínjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, abẹ́ ìbòrí ni wọ́n tún wà. Ìwé aláwọ̀ ewé wà lórí tábìlì, páálí àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pandurang gba bírò. Kò buwọ́ lù ú kíákíá. Ó tẹ̀ ba lórí ìwé, ó kọ ọ́ síbi tó funfun létí ojú ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: *Mo wá. Mi ò tíì gba nǹkan kan.* Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kùn pé ó ń pẹ́.

"Bàbá, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí," ni Shirish wí.

"Mo ti kọ ọ́."

Ìyá Walimbe ló kàn. Kò wá sípàdé rí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilé tí òun àti Shirish ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un.

"Níbo ni tèmi?"

Pandurang fi ìka wá a fún un. Ìbuwọ́lùwé ti wà níwájú orúkọ náà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Màmá," ni Shirish wí, ó ń wo fóònù. "Ọdọọdún ni mò ń bá yín kọ ọ́. Kí ẹ má bàa máa sọ̀ kalẹ̀."

"Ọdọọdún ni mo wà nílé," ni Ìyá wí. Ó gba bírò lọ́wọ́ Pandurang, ó fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì kọ ohun tí Pandurang kọ. Lẹ́tà tirẹ̀ tóbi jù.

Wọ́n dìbò ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ka ọwọ́. Mẹ́rìnlá ní kí kọ́kọ́rọ́ dúró. Mẹ́wàá ní kó kúrò. Wọ́n sì fi kún ìwé ara ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, hínjì, férémù, tàbí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Pandurang gbé páálí rẹ̀ jáde. Mulani wà létí gọ́tà.

"Ṣé wọ́n yí òfin padà?"

"Wọ́n fi kún un."

"Kí lo wá rí gbà bọ̀?"

Pandurang ṣí páálí. Ó mú àkàrà kan, ó na ìkejì sí i.

Mulani jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ó ti tutù," ló wí.

"Mo pẹ́ nídìí ìwé," ni Pandurang wí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.